Àrùn kì í tò lórí ìlà: ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ìṣeéṣe dé ìtumọ̀

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹfà bá ti ń súnmọ́, ọkàn gbogbo ilé tó ní ọmọ ní Terminale máa ń wà lára ìdánwò BAC. Nínú ìṣirò tí àwọn ọmọ náà ń kọ́, ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Lédè Faransé, wọ́n ń pè é ní probabilité conditionnelle. Ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń rìn ni événements indépendants. Ní èdè tiwa, èkíní ni ìṣeéṣe nǹkan kan nígbà tí a ti mọ nǹkan mìíràn. Èkejì ni ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí mímọ ọ̀kan kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ọ̀kan yòókù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè ka fọ́múlà rẹ̀ láì wo ìwé. Wọ́n á mú ìṣeéṣe pé nǹkan méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi ìṣeéṣe èyí tí a ti mọ̀ pín in, wọ́n á kọ èsì, wọ́n á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni èsì yìí ń sọ fún wa?” Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dákẹ́. Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ tó yẹ kó máa gba ẹ̀mí là ni a ti sọ di àkọ́sórí. Ó sì yẹ kí á tún un ṣe, nítorí pé ìgbéyàwó, ìlera ọmọ, owó àpò wa àti orúkọ rere àwọn àgbà wa ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní drépanocytose, kò ṣàjèjì ní agbègbè wa. Ọmọ kì í kó o lára ẹlòmíràn bí ẹni kó ikọ́. Láti ara bàbá àti ìyá ni ó ti ń wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ó sì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó gba A méjì ni AA. Ẹni tó gba A kan àti S kan ni AS: ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó lè fi S náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó gba S méjì ni SS, òun sì ni àrùn náà ń bá fínra. Lágbègbè tiwa, a tún ní C, ẹni tó bá sì jẹ́ SC náà ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wa má baà gùn jù, A àti S ni a ó lò.

Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, ìṣeéṣe pé ọmọ tí wọ́n bá bí á jẹ́ SS jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn dókítà ń sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní, “Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni dókítà wí. Àkọ́bí wa ti ṣàìsàn, ó ti tán nìyẹn. Àwọn mẹ́ta tó kù á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Àwọn mìíràn á sọ òdìkejì rẹ̀: “A ti bí mẹ́ta tí ara wọn le, ẹ̀kẹrin ni kí á máa bẹ̀rù.” Àwọn ti àkọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Àwọn ti èkejì ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni: wọ́n rò pé àrùn tò lórí ìlà bí àwọn tó ń retí omi nídìí ẹ̀rọ, pé bí ẹnì kan bá ti pọn tirẹ̀ tán, ó di ìgbà ti ẹlòmíràn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàkígbà tí oyún bá dúró, bàbá tún fi A tàbí S sílẹ̀ lákọ̀tun, ìyá náà tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ara kò rántí ohun tó fún ọmọ tó ṣáájú. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni fún àkọ́bí, òun náà ni fún ọmọ kejì, òun náà ni fún ọmọ kẹwàá. Ohun tí ìwé ń pè ní indépendance nìyẹn.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí èyí yé ọmọ, kí ó má fi ìdá bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi odidi ènìyàn kà. Kí ó ní: ẹ jẹ́ ká mú 256 tọkọtaya, AS àti AS ni gbogbo wọn, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ mẹ́rin. Bí ó bá lọ bí ìṣirò ṣe là á sílẹ̀, 81 nínú wọn kò ní bí ọmọ SS kankan. 108 á bí ẹyọ kan. 54 á bí méjì. 12 á bí mẹ́ta. Tọkọtaya kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ SS. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 256 ló jẹ́. Ẹ wá wo èyí dáadáa. Àwọn tó bí ẹyọ kan péré, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò pé ó gbọ́dọ̀ rí ní gbogbo ilé, kò tó ìdajì. Àwọn tó bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 67, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo tọkọtaya náà lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ka gbogbo ọmọ SS inú ilé wọ̀nyí, 256 ni nínú ọmọ 1,024, ìdá kan nínú mẹ́rin géérégé. Orí gbogbo ọmọ lápapọ̀ ni ìdá náà wà. Kì í ṣe ìlérí fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Owó ẹyọ kò ní ìrántí

Ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ 256. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Èso kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ọ̀nà 16 ni apá ọ̀tún lè gbà jáde, ọ̀nà 16 ni apá òsì náà lè gbà jáde. Ẹ sọ 16 di púpọ̀ ní ọ̀nà 16, ẹ ó rí 256, iye odù Ifá. N kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí Ifá wí o, ti àwọn babaláwo nìyẹn. Kíkà ni mo ń sọ. Bí apá ọ̀tún bá ti jáde ní Ogbè, tí èso kọ̀ọ̀kan sì ń ṣubú láì gba àṣẹ lọ́wọ́ èso mìíràn, ọ̀nà 16 ṣì wà nílẹ̀ fún apá òsì. Ohun tí a rí lápá kan kò dín nǹkan kan kù lápá kejì.

Kò di dandan kí á gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọ kíláàsì. Owó ẹyọ kan tó. Owó ẹyọ tilẹ̀ dára ju kọ́ìn lọ fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò dọ́gba. Kí àwọn ọmọ ju ẹyọ kan náà ní ìgbà 200, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ṣí tàbí ó dé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó àwọn èsì tó tẹ̀lé ṣíṣí sí apá kan, kí wọ́n kó àwọn èsì tó tẹ̀lé dídé sí apá kejì, kí wọ́n wá wo ìdá tó ṣí ní apá kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé ẹyọ náà ń dé ju bó ṣe ń ṣí lọ, tàbí pé ó ń ṣí ju bó ṣe ń dé lọ. Ṣùgbọ́n ìdá méjèèjì á súnmọ́ ara wọn. Owó ẹyọ lè ṣe ojúsàájú, àmọ́ kò ní ìrántí. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí kò tún ní rò pé “wọn kò mọ ara wọn” àti “wọ́n dọ́gba” jẹ́ nǹkan kan náà.

Nígbà tí a ti mọ̀ pé

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé AS àti AS. Ká ní wọ́n bí ọ̀dọ́kùnrin kan, ó ti pé ọmọ ọdún 25, ara rẹ̀ le koko, a sì mọ̀ pé kì í ṣe SS. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni SS. Ọ̀dọ́kùnrin yìí fẹ́ gbéyàwó. Kí ni ìṣeéṣe pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ AS? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé ìdajì, nítorí pé nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ọmọ ilé náà lè gbà wá, méjì ni AS. Ṣùgbọ́n a ti mọ nǹkan kan: kì í ṣe SS. Ọ̀nà kan ti kúrò nínú kíkà. Mẹ́ta ló kù, AA kan àti AS méjì. Nítorí náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

Gbogbo ìtumọ̀ probabilité conditionnelle wà níbẹ̀: yọ àwọn tí ohun tí a ti mọ̀ lé jáde, kí o sì tún àwọn tó kù kà. Fọ́múlà kàn ń kọ ọ́ ní kúkúrú ni. Èdè Faransé ní “sachant que”. Èdè Yorùbá ní “nígbà tí a ti mọ̀ pé”. Kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá sì mọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tòun kò ní máa wí pé, “Ara mi le, kí ni mo fẹ́ fi àyẹ̀wò ṣe?” Á lọ ṣe électrophorèse kó tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, á sì ní kí àfẹ́sọ́nà òun náà ṣe é.

Wàyí o, ibi tó ṣòro jù rèé. Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ẹnì kan nínú márùn-ún ló jẹ́ AS níbẹ̀, tí àwọn yòókù jẹ́ AA. Tọkọtaya kan tí kò ṣe àyẹ̀wò rí, tí wọn kò sì fi ẹ̀jẹ̀ yan ara wọn, fẹ́ bímọ. Ìṣeéṣe pé AS ni àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan nínú 25. Ìṣeéṣe pé ọmọ wọn á jẹ́ SS jẹ́ ọ̀kan nínú 100. Wọ́n bí àkọ́bí, ó sì jẹ́ SS. Kí ni ìṣeéṣe ti ọmọ kejì? Akẹ́kọ̀ọ́ tó há fọ́múlà sórí lè ní, “Àwọn ọmọ kò mọ ara wọn, nítorí náà ọ̀kan nínú 100 náà ni.” Kò gbà á. Àìsàn àkọ́bí ti tú àṣírí àwọn òbí: AS ni àwọn méjèèjì. Láti ìsinsìnyí lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ wò ó, láti ọ̀kan nínú 100 sí ọ̀kan nínú mẹ́rin! Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yí padà. Ohun tí a mọ̀ ló yí padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé indépendance kì í ṣe àmì tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan lára títí ayé. Bí a bá ti mọ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí, ọmọ kan kò tún sọ nǹkan kan nípa ìkejì. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí nípa àbúrò rẹ̀. Kí olùkọ́ tó ní kí ọmọ sọ ìṣeéṣe méjì di púpọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi í pé: “Kí ni a ti mọ̀? Kí ni a kò tíì mọ̀?”

Àṣìṣe tó sọ ìyá sẹ́wọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré inú ìwé ni èyí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sally Clark, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, pàdánù ọmọ ọwọ́ méjì, èkíní lọ́dún 1996, èkejì lọ́dún 1998. Wọ́n ní òun ló pa wọ́n. Lọ́dún 1999, oníṣègùn ọmọdé kan, Roy Meadow, jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ìṣeéṣe pé ọmọ ọwọ́ kan á déédéé kú láìsí ẹni tó ṣe é jẹ́ ọ̀kan nínú 8,543. Ó sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó ní ti ọmọ méjì jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 73. Wọ́n rán ìyá náà lọ sẹ́wọ̀n gbére.

Ta ló sọ fún un pé ikú méjì nínú ilé kan náà kò mọ ara wọn? Ìyá kan, bàbá kan, ẹ̀jẹ̀ kan, ilé kan. Bí ohun kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó pa èkíní, ó lè pa èkejì. Lọ́dún 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò iye ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Statistical Society, sọ ní gbangba pé ìṣirò náà kò ní ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tún kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ìṣeéṣe pé obìnrin náà kò jẹ̀bi ni nọ́ńbà ọ̀hún. Èsì àyẹ̀wò kan tí wọn kò gbé síwájú ilé ẹjọ́ ló tú u sílẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn adájọ́ sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣirò náà pẹ̀lú. Ó ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ó kú lọ́dún 2007.

Kí á má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ilé tí ọmọ bá ń kú tẹ̀léra nínú rẹ̀, àwọn baba wa ní àbíkú ni. Ojú wọn mú: wọ́n rí i pé ikú àwọn ọmọ náà so mọ́ ara wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìlera ti sọ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ṣì ń wí pé, “Ọmọ méjì kò lè déédéé kú, ẹnì kan ló ń pa wọ́n.” Ìyá àgbà kan nínú agboolé ni wọ́n sì máa ń nàka sí. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ yìí bá yé á kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì tó lè so wọ́n pọ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé omi ni, àbí ẹ̀fọn?

Tẹ́tẹ́ àti ibà

Ẹ wo Loto 5/90 tí wọ́n ń ta ní ìkòríta. Bọ́ọ̀lù 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde. Láti ọjọ́ kan sí èkejì, wọ́n ti dá gbogbo bọ́ọ̀lù padà, nítorí náà fífà kan kò mọ èkejì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìṣeéṣe ọ̀kan nínú 18 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wí pé, “Ó ti pẹ́ tí 17 ti jáde gbẹ̀yìn, ó ti tó àkókò rẹ̀,” ike ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìṣeéṣe pé nọ́ńbà kan kò ní jáde rárá nínú fífà 40 jẹ́ nǹkan bíi mẹ́wàá nínú 100. Nígbà tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà 90 ló wà, ọjọ́ tó bá wù kí ẹ wò ó, ẹ ó rí nǹkan bíi mẹ́sàn-án tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì kankan níbẹ̀.

Nínú fífà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó ti jáde kò padà sínú ẹ̀rọ. Ká ní ẹnì kan ta nọ́ńbà méjì. Ìṣeéṣe pé èkíní wà nínú márùn-ún tó jáde jẹ́ 5 nínú 90. Nígbà tí a ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àyè mẹ́rin ló kù nínú bọ́ọ̀lù 89, nítorí náà ti èkejì jẹ́ 4 nínú 89. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí 20 nínú 8,010, ìyẹn nǹkan bí ọ̀kan nínú 400. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe é bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn á rí ọ̀kan nínú 324, kò sì ní gbà á. Kí ọmọ wá béèrè iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá jẹ nọ́ńbà méjì, kó fi wé 400, á mọ ẹni tó ń jèrè. Kì í ṣe pé kí á kọ́ ọmọ ní tẹ́tẹ́. Kí á jẹ́ kó mọ ìdí tí tẹ́tẹ́ kò fi lè bọ́ ọ ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó gbalẹ̀: yíyí ọ̀rọ̀ sódì. Bí a bá wo àwọn tó ń ta gàrí lọ́jà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé gbogbo obìnrin ló ń ta gàrí? Ọmọdé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan àìsàn, àgbà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní èdè wa, ibà ni a ń pe ara gbígbóná, ibà náà ni a ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń jẹ́ kí á da méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ tí àìsàn ẹ̀fọn bá ń bá jà ni ara wọn ń gbóná, òótọ́ ni. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tí ara wọn ń gbóná, mélòó ni ẹ̀fọn fà tiwọn? Ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí padà láti ìgbà òjò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìlú kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbà wá nímọ̀ràn láti ọdún 2010 pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Ìyá tó lọ ra oògùn lọ́jà láìsí àyẹ̀wò ti dáhùn ìbéèrè kan nígbà tó jẹ́ pé ìkejì ni ó yẹ kó bi.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ yín pọ̀, a mọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ gùn, àkókò kò tó, BAC ń bọ̀. Àwọn kan nínú yín á ní fọ́múlà ni ìdánwò ń béèrè. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì péré ni mo ń tọrọ ṣáájú fọ́múlà. Ẹ lo wákàtí kan láti ju owó ẹyọ, ẹ lo èkejì láti ka odidi ènìyàn bí a ṣe ka àwọn tọkọtaya yẹn. Ẹ máa bi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn: nínú àwọn tó ń ta gàrí, mélòó ni obìnrin, nínú àwọn obìnrin, mélòó ló ń ta gàrí. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ indépendants kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ incompatibles. Ọmọ kan kò lè jẹ́ AA kó tún jẹ́ SS. Bí a bá ti mọ̀ pé AA ni, a ti mọ̀ dájú pé kì í ṣe SS. Ọ̀kan sọ ohun gbogbo fún wa nípa ìkejì, nítorí náà wọn kò lè jẹ́ indépendants. Bí ẹ bá ṣe èyí, ọmọ kò ní gbàgbé fọ́múlà náà, nítorí pé á mọ ibi tó ti wá.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà ní ipa tiwọn. Lẹ́yìn ìṣirò, kí wọ́n ní kí ọmọ kọ gbólóhùn kan láti sọ ohun tí èsì rẹ̀ túmọ̀ sí fún ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn. Máàkì kan tàbí méjì lórí gbólóhùn yẹn á yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà padà jákèjádò ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ ka ìwé Faransé, ẹ lè ran ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Àwọn kan máa ń wí pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìṣirò. Mo ti lo Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ yìí, ẹ sì ti rí i pé “nígbà tí a ti mọ̀ pé” àti “wọn kò mọ ara wọn” tó láti gbé ẹ̀kọ́ náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nídìí iná kò ní dákẹ́ níwájú olùdánwò.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ni ọjọ́ àgbáyé fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìgbà kan náà tí ọ̀rọ̀ BAC ń gbóná. Ó bá a mu. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ ìṣirò ìṣeéṣe sórí ìwé ní Kétu àti Àjàṣẹ́, àwọn kan jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ̀. Láìpẹ́, wọ́n á rí ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fẹ́ bímọ. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa béèrè fọ́múlà lọ́wọ́ wọn. Dókítà á sọ pé, “Ìdá kan nínú mẹ́rin,” wọ́n á sì ní láti mọ ohun tí ó ń sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe fún wọn nísinsìnyí, nígbà tí wọ́n ṣì wà níwájú wa ní kíláàsì.